Ọkọ̀ Ajubọ́ǹbù Orí Tábìlì Mi

Ìjẹ́wọ́ ni mo fẹ́ ṣe lónìí. Odidi ọdún méjì ni mo fi gbé ohun kan sí pálọ̀ mi tí mo ń fi í yangàn fún àlejò, tí n kò sì mọ̀ pé ohun náà ń lé aládùúgbò mi pàtàkì sá kúrò nílé mi. Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ gbọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀.

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin kan ló lọ sí Ìlú Ọba ní 1974. Manchester ló fìdí kalẹ̀ sí, bọ́ọ̀sì ló ń wà níbẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ náà ló sì kú sí. Lẹ́yìn tí a ti ṣe òkú rẹ̀ tán, àwọn ọmọ rẹ̀ di ẹrù rẹ̀ ránṣẹ́ sílé nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀wù òtútù wà níbẹ̀, bàtà wà níbẹ̀, fọ́tò àwọn ará ilé tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di èrò ọ̀run wà níbẹ̀. Páálí kan sì wà tí wọ́n fi okùn dì yíká lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí i lára pé: "Ti Tíṣà ni."

Nígbà tí mo tú u, ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan ló wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe irú ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí à ń rà fún ọmọdé lọ́jọ́ ọdún o. Irin ni wọ́n yọ́ fi ṣe é, ó sì wúwo lọ́wọ́ bí ọmọ ọlọ. Ikùn rẹ̀ dúdú bí èédú. Wọ́n fi àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀ kun ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó lè fara jọ oko bí ọ̀tá bá ń wò ó láti òkè. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló wà ní apá rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń yí bí a bá fẹ́ atẹ́gùn sí i. Níwájú, lórí, àti ní ìdí, ó ní ilé gíláàsì kéékèèké tí ìbọn tín-tìn-tín bí abẹ́rẹ́ yọjú láti inú wọn. Bí a bá fi èékánná ṣí ikùn rẹ̀, a ó bá àwọn bọ́ǹbù níbẹ̀, wọ́n tò gbọọrọ bí ẹyin nínú agbọ̀n. Ó dúró lórí òpó kékeré kan tí a gbé ka pákó dúdú, tó fi dà bí ẹni pé ó ń fò. Lancaster ni wọ́n ń pè é, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ju bọ́ǹbù nígbà ogun Hítílà.

Mo mọ ìdí tí bàbá náà fi rà á, nítorí ó ti sọ ọ́ fún mi rí nígbà tó wá sílé. Obìnrin òyìnbó tó gbà á sílé nígbà tó kọ́kọ́ dé Manchester ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Avro nígbà ogun, ó wà lára àwọn tó ń kan ìdè irin mọ́ apá Lancaster. Àgbègbè Manchester ni orírun ọkọ̀ náà lóòótọ́. Roy Chadwick ló ṣe olórí àwọn tó yàwòrán rẹ̀, ní pápá Ringway ló sì ti kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní 1941. Pápá Ringway yìí kan náà ló di pápá ọkọ̀ òfuurufú Manchester tí àwọn ọmọ wa ń sọ̀ sí lónìí. Kí iṣẹ́ náà tó parí, 7,377 irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ṣe. Méjì péré nínú wọn ló ṣì ń fò títí di ìsinsìnyí, ọ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan ní Kánádà. Ìdí nìyí tí àwọn tó kù fi ń ra àwòṣe rẹ̀ sórí tábìlì. Láti 1958 ni ilé iṣẹ́ Airfix ti ń ta oníke rẹ̀ tí ènìyàn yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ pọ̀. Onírin bíi tèmi ní tirẹ̀ máa ń ní ìwé kékeré kan nínú páálí rẹ̀, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, kí ẹni tó rà á lè mọ̀ pé kò pọ̀ nígboro.

Ẹ má rò pé eré ọmọdé lásán ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní 1942, nígbà tí ogun gbóná, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà bẹ àwọn ọmọ ilé-ìwé ibẹ̀ pé kí wọ́n fi igi gbẹ́ àwòṣe ọkọ̀ òfuurufú 500,000 fún wọn. Ìdá kan nínú 72 ti ojúlówó ni wọ́n ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí, kí wọ́n sì kùn ún ní dúdú. Bí a bá gbé irú rẹ̀ sí ibi tó jìnnà sí ojú ní ẹsẹ̀ bàtà 35, bí ẹni tó ń wo ojúlówó láti nǹkan bí ìdajì máìlì ló rí. Báyìí ni àwọn ọmọ ogun ṣe kọ́ bí a ti ń dá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀tá, kí wọ́n má baà yìnbọn lu ará ilé wọn.

Tèmi náà, ìdá kan nínú 72 ni. Olùkọ́ wa kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ máa ń sọ pé ohun tí ọmọ bá fọwọ́ kàn, ó ṣòro kí ó tó gbàgbé rẹ̀. Nítorí náà, mo gbé ọkọ̀ náà lọ sí kíláàsì kẹfà láti fi kọ́ wọn ní ìṣirò. Wọ́n wọn apá rẹ̀ láti ìkángun dé ìkángun, íǹṣì 17 ni. Mo ní kí wọ́n fi 72 sọ ọ́ di púpọ̀. Ó di íǹṣì 1,224, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà 102. Mo kó wọn jáde sí pápá, a fi okùn wọn ẹsẹ̀ bàtà 102 sílẹ̀. Háà! Ẹnu ya àwọn ọmọ. Mo mú ọmọ méje jáde kí wọ́n dúró sí ipò àwọn méje tó máa ń wà nínú rẹ̀: awakọ̀, ẹni tó ń bójú tó ẹ́ńjìnnì, ẹni tó ń wo máàpù, ẹni tó ń gbọ́ wáyà, ẹni tó ń ju bọ́ǹbù, àti oníbọn méjì. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ tó tún ń sùn lẹ́nu ìṣirò mi. Ọ̀gá ilé-ìwé wa yìn mí. Inú mi dùn dé ibi pé mo gbé ọkọ̀ náà sí àárín tábìlì pálọ̀ mi, mo ń fi aṣọ rírọ̀ nù ún ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Àlejò kan kò ní wọlé kí n má sọ ìtàn rẹ̀ fún un. N óò sọ ti Akin Shenbanjo, ọmọ ilẹ̀ wa Nàìjíríà, tó bá wọn fò nínú ọkọ̀ Halifax nígbà ogun náà, tí àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ sì fi tìtorí rẹ̀ kọ "Achtung! The Black Prince" sí ara ọkọ̀ wọn, ìyẹn ni pé kí ọ̀tá ṣọ́ra, Ọmọ Ọba Dúdú ń bọ̀. Ọkùnrin kan ní Èkó tó ń kó irú àwòṣe wọ̀nyí jọ tilẹ̀ rán ènìyàn sí mi, ó ní òun yóò san owó tó tó owó ilé mi fún oṣù mẹ́fà. Mo kọ̀. Ìyàwó mi bínú díẹ̀, ẹ̀yin náà mọ bí owó oṣù tíṣà ti rí, ṣùgbọ́n mo kọ̀ jálẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti aládùúgbò mi. Ìyá Ngozi ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọ Íbò ni, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ta mílíìkì, tòmátò inú agolo àti ìyẹ̀fun ní ṣọ́ọ̀bù tó kan ògiri ilé wa. Yorùbá tó ń sọ dùn ju ti ọmọ onílé mìíràn lọ. Òun ló pọn àkọ́bí mi Ayọ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣàìsàn. Bí ó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù ní alẹ́, ilé wa ló ti ń wo ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n, a ti ya àga sọ́tọ̀ fún un. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Ó ní, "Bàbá Ayọ̀, ṣé ẹ rí i pé Màmá kì í wọ pálọ̀ mọ́? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, bí mo bá ní kí wọ́n wọlé, wọn á ní ooru ń mú àwọn." Mo ní bóyá ọ̀rọ̀ ọjà ló dàrú láàárín àwọn méjèèjì. Ó búra pé kò sí nǹkan kan. Bí a ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo nu ọkọ̀ náà tán, mo lọ wẹ̀. Ayọ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, gbé e lórí tábìlì, ó sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbé e sókè lórí Ìyá Ngozi tó ń ṣírò agolo tòmátò lórí àtẹ, ó ń hó bí ẹ́ńjìnnì, ó sì ń ju ẹ̀pà sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní bọ́ǹbù ni. Ariwo agolo tó dà sílẹ̀ ni mo gbọ́ tí mo fi sáré jáde pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Mo bá ìyá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún lórí ilẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ìdí ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Ayọ̀ dúró tì í, ẹ̀rù ń bà á, kò mọ ohun tí òun ṣe.

A gbé e dìde. Ó ní kí a fún òun ní omi. Ó mu ún tán, ó fa ọmọ náà mọ́ra kí ó má baà sunkún, kí ó tó dojú kọ mí.

Ó ní, "Tíṣà, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà ogun. Ọjọ́ ọjà ni. Ìyá mi rán mi lọ pọn omi wá ní ẹ̀yìn ọjà. Mo gbọ́ ìró rẹ̀. Gbogbo àwa ọmọdé la mọ ìró náà, wọ́n ti kọ́ wa pé kí a dọ̀bálẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí mo dìde, mo wá ibi tí ìyá mi pàtẹ sí, n kò rí i. Aṣọ rẹ̀ ni wọ́n fi dá a mọ̀. Wọn kò jẹ́ kí n sún mọ́ ọn."

N kò lè fọhùn. Ó tún ní, "Ní òru, ọkọ̀ mìíràn máa ń wá. Ìyẹn ń gbé okporoko, iyọ̀ àti mílíìkì wá fún wa. Ìyá àgbà mi á ní kí n gbọ́, pé oúnjẹ ló ń bọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n etí mi kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Bí ó jẹ́ bọ́ǹbù, bí ó jẹ́ oúnjẹ, abẹ́ ibùsùn ni mò ń sá sí."

Kò dárúkọ ẹni tó rán ọkọ̀ ọ̀sán náà wá, èmi náà kò sì bi í. Ìtàn ogun náà kò ṣókùnkùn sí ẹni tó bá kàwé. Láti 1967 sí 1970 ni wọ́n jà á. Ìjọba àpapọ̀ ní ọkọ̀ ajubọ́ǹbù Ilyushin Il-28 tí ìjọba Sófíẹ̀tì ṣe. Bìáfírà náà ní B-26 tí Amẹ́ríkà ṣe, àwọn ọkọ̀ wọn sì ju bọ́ǹbù sí Èkó níhìn-ín ní 1967. Àwọn ìjọ Ọlọ́run àti ẹgbẹ́ aláàánú ló ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó oúnjẹ lọ sí pápá Uli ní òru, nítorí ọ̀sán léwu fún wọn. Gbogbo èyí ni mo ti kà rí. Ṣùgbọ́n n kò tí ì gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó ti bò mọ́lẹ̀ rí, tí mo sì ń kí i káàárọ̀ lójoojúmọ́.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé inú kò bí òun sí mi. Ó ní, "Ẹ̀yin Yorùbá náà lẹ ń sọ pé ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Ìwọ kò ṣu, Tíṣà. O kàn gbé e sórí tábìlì ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Ní òru ọjọ́ náà n kò sùn. Mo ń ro gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo ti fi ọkọ̀ yìí kọ́ àwọn ọmọ. Mo ti kọ́ wọn bí apá rẹ̀ ti gùn tó. Mo ti kọ́ wọn pé ó lè gbé bọ́ǹbù tó ju tọ́ọ̀nù 6 lọ. N kò kọ́ wọn ibi tí tọ́ọ̀nù 6 náà ń bọ́ sí. N kò sọ fún wọn pé, nínú nǹkan bí 125,000 ọkùnrin tó fò nínú àwọn ọkọ̀ ajubọ́ǹbù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 55,573 ló kú. N kò sọ ti Hamburg ní oṣù keje 1943, níbi tí iná bọ́ǹbù ti pa ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn, tàbí ti Dresden ní oṣù kejì 1945, níbi tí àwọn tó kú ti tó 25,000. Lóòótọ́, àwọn Jámánì náà ti ju bọ́ǹbù sí Lọ́ńdọ̀nù àti Coventry ṣáájú, wọ́n sì sun apá kan Manchester ní àsìkò Kérésìmesì 1940. Ogun tó yẹ kí ẹnì kan dá dúró ni. Ṣùgbọ́n ọmọdé tó lọ pọn omi kò mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá Ìyá Ngozi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní mo ti pinnu láti ta ọkọ̀ náà fún ọkùnrin ará Èkó, tàbí kí n fi òòlù fọ́ ọ. Ó ń fi omi nu agolo. Kò gbé ojú sókè.

Ó ní, "Bí o bá tà á, ẹlòmíràn á tún gbé e sí pálọ̀ tirẹ̀. Bí o bá fọ́ ọ, irin lo fọ́. Ṣé o ní o fi ń kọ́ ọmọ? Gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ, kí o sì kọ́ wọn tán."

Kí n kọ́ wọn tán. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà, ẹnìkan kò tí ì fi gbólóhùn kan ṣe ìwádìí iṣẹ́ mi tó báyìí rí.

Kọ́bọ́ọ̀dù kíláàsì ni ọkọ̀ náà ń gbé nísinsìnyí, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣì ń fi í kọ́ wọn ní ìṣirò, a ṣì ń fi okùn wọn ẹsẹ̀ bàtà 102 ní pápá. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò parí síbẹ̀ mọ́. Ọmọ 45 ló wà ní kíláàsì mi. N óò ní kí gbogbo wọn dìde, kí 20 nínú wọn jókòó. N óò sọ fún wọn pé àwọn tó jókòó yẹn ni àwọn tí kò padà wálé nínú àwọn tó lọ. Nígbà tí kẹ́kẹ́ bá pa, n óò ṣí ikùn ọkọ̀ náà, n óò sì bi wọ́n pé ta ló wà nísàlẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bi wọ́n, ọmọbìnrin kan dáhùn pé, "Àwọn tó wà lọ́jà, sà."

Lẹ́yìn náà ni n óò sọ ìtàn kan tí èmi fúnra mi kò mọ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹrin 1945, ebi ń pa àwọn ará ilẹ̀ Netherlands kú lábẹ́ àwọn Jámánì. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹrin títí di ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún, àwọn Lancaster wọ̀nyí kan náà fò wálẹ̀ gan-an lórí ilẹ̀ náà. Oúnjẹ ni wọ́n kó sí ikùn dípò bọ́ǹbù, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 6,680 ni wọ́n sì jù sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn. Manna ni wọ́n sọ iṣẹ́ náà. Mo sọ èyí fún Ìyá Ngozi. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ó dára. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ náà á ti sá sábẹ́ ibùsùn kí wọ́n tó mọ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ó kọ̀, ó ní òun kò lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó yọ̀ǹda kí n sọ ọ́, kí n má kàn dárúkọ ìlú. Ó sì yọ̀ǹda kí n kọ èyí fún yín.

Ẹ̀yin ará, n kò sọ pé kí ẹni tó ní irú àwòṣe bẹ́ẹ̀ lọ dà á nù. Àwọn tó kú nínú ọkọ̀ wọ̀nyí, ọmọ ẹni kan ni wọ́n, kò sì yẹ kí a gbàgbé wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a ṣọ́ ohun tí à ń gbé sí ojú ọ̀nà àlejò. Fọ́tò, idà, ìbọn ìṣọdẹ àtijọ́, ohun yòówù tó jẹ́ ọ̀ṣọ́ lójú wa, ẹnìkan lè wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa tó ń rí òkú ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹni tó ń wọlé tẹ́lẹ̀ bá dẹ́kun wíwọlé, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ bí mo ti ṣe. Ẹ bi í. Ọdún méjì ni mo fi sọnù.

Ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ ló wà lórí tábìlì náà báyìí, kò lẹ́wà tó ti tẹ́lẹ̀ rárá. Lánàá, bí aago ìròyìn ti lù, Ìyá Ngozi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wọlé, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó sì ní kí Ayọ̀ gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè díẹ̀.